Kiní Nìkan Ló Kù Lẹ́nu Rótìmí

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lédè wa, kò sí èyí tó dùn mọ́ Olúrótìmí mẹkáníìkì lẹ́nu tó kiní. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí dáadáa. Kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, síbẹ̀ kò sí ohun tí kò lè dúró fún. Rótìmí lè wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì Ore, kó ní, "Bándélé, bá mi mú kiní lórí kiní," Bándélé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò sì dìde, yóò mú sípánà lórí dúrọ́ọ̀mù wá. Bí Rótìmí bá tún ní, "Kì í ṣe kiní yìí, kiní," Bándélé yóò yíjú padà lọ mú pọ́láyà. Kì í ṣì í.

Ọwọ́ ọ̀tún ni àṣírí rẹ̀ wà. Ẹnu yóò pe kiní, ọwọ́ ọ̀tún yóò sì sọ kiní wo ni. Bí ọwọ́ náà bá ń lọ́ bí ẹni ń fún aṣọ, sípánà ni. Bí ìka méjì bá ń já afẹ́fẹ́ jẹ, pọ́láyà ni. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá ń pa afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀, kí wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀ ni. Láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sí oníbàárà tó ṣì í gbọ́, àfi àwọn tó bá ń wo ojú rẹ̀ dípò ọwọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wọn ní Odigbo. "Ìyá Oyin, kiní ti dé láti ilé ìwé?" Oyin ọmọ wọn nìyẹn. "Kiní yìí fẹ́ iyọ̀ díẹ̀." Ọbẹ̀ nìyẹn. Nígbà kan àwọn obìnrin ìjọ bi Hannah ìyàwó rẹ̀ léèrè pé kí ni ọkùnrin yìí sọ lọ́jọ́ tó kọnu ìfẹ́ sí i.

Hannah ní, "Ó ní ó ti pẹ́ tí kiní mi ti ń wu òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Hannah ní, "Ìwà mi ló ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn yín."

Nígbà tí àwọn sójà wá gba ìjọba níparí ọdún 1983, tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa tò lórí ìlà, kiní tilẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ta ló fẹ́ dárúkọ sójà ní gbangba? Awakọ̀ yóò yọrí láti ojú fèrèsé, yóò béèrè pé, "Ṣé àwọn kiní wà lójú ọ̀nà?" Rótìmí yóò ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi ẹnì kan fò bí ọ̀pọ̀lọ́." Mílíìkì di kiní tí kò sí. Ṣúgà di kiní tí kò sí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá burú jù, torí wọn ò jẹ́ kí ọjà wọlé láti òkè òkun mọ́. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta á ṣófo, ike gíríìsì kan ṣoṣo ló kù lórí káńtà, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà yẹn ni lọ́rì awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runṣògo gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù Rótìmí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni. Lọ́rì náà ló ń kó kòkó àti gbágùúdá láti oko wá sí Ore, òun náà ló sì ń kó àwọn ará ìjọ Aládùúrà tí Rótìmí àti Hannah ń lọ ní Odigbo, bí wọ́n bá fẹ́ rìn jìnnà. Bíréèkì rẹ̀ ló ń ṣe ségesège. Rótìmí tú taya ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ó rí i lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, tó ń sé epo bíréèkì mọ́. Ó ti jẹ. Epo ń gba ibẹ̀ jáde.

Bándélé lọ wá rọ́bà náà dé Ondo. Rótìmí nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí òjò ṣú, tí lọ́rì sì wà láàárín gbangba pẹ̀lú taya rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣe ohun tí àwọn mẹkáníìkì ìgbà yẹn ń ṣe. Ó gé orín kan, ó gbẹ́ ẹ ṣóńṣó, ó kì í bọ ojú páìpù tó ń gbé epo lọ sí taya náà, ó fi wáyà dì í. Ó dá taya padà, ó wa lọ́rì náà wọ abẹ́ páànù. Igi yẹn lè gba títẹ̀ bíréèkì nígbà ogún. Ó lè gba ọgbọ̀n. Bó bá yọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo epo yóò tú dà sílẹ̀, kò sì ní sí bíréèkì ní taya kankan. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi rìn. Láti sún ọkọ̀ kúrò lójú òjò ni, títí rọ́bà yóò fi dé.

Bí ó bá di ọ̀la yóò sọ fún Bándélé. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ba sórí basíà láti bọ́jú, kò sì lè nàró mọ́. Hannah tó ń ṣaná gbọ́ gbì, ó sáré wá.

"Bàbá Oyin, kí ló ṣe yín?"

"Kiní," ni Rótìmí wí.

"Kiní wo?"

"Kiní."

Hannah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún mẹ́wàá. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ láti mọ èyí tó ń wí, bí ó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ náà wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá basíà, kò lọ́, kò nà, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà náà ló tó wo ẹnu rẹ̀, tó rí i pé ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọlu ọpọlọ. Ó kọ oògùn mẹ́fà sínú ìwé. Ó ní kò sí ìkankan nínú wọn níbẹ̀, kí wọ́n lọ wá wọn bí wọ́n bá lè rí wọn rà níbikíbi. Hannah wá méjì rí. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n gbé Rótìmí wá sí ilé àdúrà ìjọ wọn ní Odigbo. Ìyá Àdúrà Joanna fún un ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ó ní kò gbọdọ̀ jáde fún ọjọ́ méje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún un nínú yàrá yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé sínú orí rẹ̀. Lọ́rì, orín, páìpù, epo, Ọlọ́runṣògo, kò sí èyí tó sọnù. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ènìyàn ti ń tò fún mílíìkì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, kiní nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún. Yóò kó ara rẹ̀ jọ, yóò mú ọ̀rọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ ikùn, yóò sọ pé "bíréèkì" pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì gbọ́ "kiní". Ohun tó sì ń jẹ́ kí kiní ní láárí láyé rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yẹn, dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igi ìdáná.

Bándélé wá kí i lọ́jọ́ kẹrin. Rótìmí rí i, ó gbórí sókè.

"Kiní," ni ó wí. "Kiní, kiní, kiní."

Bándélé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó. "Ọ̀gá mi. Wọ́n ní ẹnu ọ̀gá ti yí, èmi ò rí ìyàtọ̀ o. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà nìyí."

Hannah rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀.

"Kiní."

"Sípánà? Àwọn irinṣẹ́? Mo ti kó gbogbo wọn wọlé."

Rótìmí mi orí pé rárá.

"Ṣé ọkọ̀ ni?"

Rótìmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mì í títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Ọkọ̀ ta? Ti Ọlọ́runṣògo?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

"Hà, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Bándélé wí. "Mo dé láti Ondo, n ò rí rọ́bà kankan, mo bá lọ́rì lábẹ́ páànù, taya ti wà níbi tó yẹ. Mo ní ọ̀gá ti dá ọgbọ́n kan sí i. Mo tẹ bíréèkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú ṣinṣin. Ọlọ́runṣògo ti gbé e lọ, ó ní ó di òpin ọ̀sẹ̀ kí òun tó tún fi rìn. Ó ní kí n kí yín."

Rótìmí gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ òsì ló kù fún un. Ó nà án sí Bándélé, ó ń yí ìka rẹ̀ bí ẹni ń kì nǹkan bọ ihò. Bándélé gbójú kúrò níbẹ̀, bí ènìyàn ti ń gbójú kúrò lára ẹni tí aṣọ ṣí lára rẹ̀. Ta ni yóò jókòó kí wọ́n máa na ọwọ́ òsì sí i lójú? Hannah sáré di ọwọ́ náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ wọ abẹ́ aṣọ.

"Ẹ má bínú, Bándélé. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

"Ṣebí àìsàn ni," ni Bándélé wí. Ó dìde.

Lẹ́yìn tí ó lọ, Rótìmí yọ ọwọ́ náà jáde, ó tún ń ṣe é sí Hannah. Hannah tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àdúrà Joanna wọlé, tí ọwọ́ òsì náà sì nà sí i pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn rẹ̀, ó dúró wò ó, àánú ṣe é. Ó ní ọwọ́ yìí ń dààmú ara rẹ̀ lásán. Ó mú ọ̀já funfun, ó di ọwọ́ náà mọ́ àyà Rótìmí jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pọn ọmọ, ó gbàdúrà lé e, ó ní kó sinmi.

"Lọ́jọ́ Sátidé a ń lọ sí Agbabu," ni ó sọ fún Hannah. "A ó gbàdúrà létí odò. Ìwọ náà yóò bá wa lọ, kí o bu omi ibẹ̀ wá fún ọkọ rẹ. Ọlọ́runṣògo ló ń gbé wa."

Ó bọ́ sóde. Rótìmí dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè àjà. Ó mọ ọ̀nà Agbabu. Ó ti tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀ rí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí omi, kò sì sí ohun tó lè dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀ ju bíréèkì lọ. Ogójì ènìyàn ni lọ́rì yẹn ń kó. Hannah yóò wà nínú wọn.

Ó lo Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì láti máa fi eyín àti àgbọ̀n tú ọ̀já.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí lọ́rì tó yọ ló ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí etí rẹ̀ ò mọ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kó ike omi àti àbẹ́là sínú rẹ̀. Ọ̀já ti tú. Rótìmí yí ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ òsì wọ́ ara rẹ̀ jáde láti yàrá, ó gba ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ kọjá, ó gba ojú iyanrìn, ó sì fẹ̀yìn ti taya iwájú. Ó nawọ́ sí taya ẹ̀yìn.

"Kiní," ni ó wí.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ẹnì kan dá orin. Ènìyàn tí wọ́n gbé wá bí àpò gbágùúdá ti fi ara rẹ̀ jáde síta, láìpé ọjọ́ méje. Ìyá Àdúrà Joanna kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń dúpẹ́. Ọlọ́runṣògo sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ fẹ́ bá wa lọ?"

Rótìmí mi orí pé rárá.

"Wọ́n ń tijú ni," ni Ọlọ́runṣògo wí. "Ẹ gbé wọn síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni mo máa gbé ọ̀gá mi lọ sétí odò lónìí."

Ọwọ́ mẹ́fà gbé e sókè. Ó ń pariwo kiní, wọ́n ń pariwo àmín. Wọ́n gbé e sáàárín, Ọlọ́runṣògo lọ́wọ́ òsì rẹ̀, Hannah lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Ọlọ́runṣògo ń tẹ bíréèkì. Wọ́n yà jáde láti ìjọ, ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n dé ibi tí àwọn sójà gbé igi dí ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta. Sójà kan yọjú wọlé, ó béèrè lọ́wọ́ Rótìmí pé kí lorúkọ rẹ̀. Rótìmí sọ ọ́. Sójà wo Hannah, Hannah bẹ̀ ẹ́, wọ́n kọjá. Ewúrẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹrin. Kòtò, kòtò, kòtò. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ọlọ́runṣògo lórí bíréèkì bí ènìyàn ti ń gbọ́ ìró ọkàn ara rẹ̀. Nígbà tí ó ka méjìdínlógún, ó gbọ́ pé ohùn bíréèkì ti yí padà. Ó ti ń wọlé jù díẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń kọrin lẹ́yìn.

Ibi tí wọ́n wà tẹ́jú. Oko gbágùúdá ló wà lọ́tùn-ún lósì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ò jìnnà mọ́.

Wáyà kan wà lábẹ́ sítíà tó ní orí dúdú bíi bọ́tìnnì, òun ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Rótìmí na ọwọ́ òsì, ó fà á. Ẹ́ńjìnnì kú. Lọ́rì yí lọ díẹ̀, Ọlọ́runṣògo tẹ bíréèkì, ó dúró. Mọ́kàndínlógún.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọlọ́runṣògo wí. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ìyá Oyin, ẹ bá mi di ọwọ́ wọn mú."

Hannah fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀ mú, ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó jókòó tì í. "Bàbá Oyin, ẹ má dójú tì mí níwájú ìjọ." Ohùn rẹ̀ rọ̀, kò bínú. Ọwọ́ rẹ̀ le bí ìdè.

Ọlọ́runṣògo tún ẹ́ńjìnnì dá. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀.

Kò sí ẹnu. Kò sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti gba ọwọ́ òsì. Ohun tó wá sọ́kàn Rótìmí rọrùn débi pé ẹnu yà á pé kò tètè rò ó. Bí igi yẹn yóò bá yọ, kó yọ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó nà án kọjá ẹsẹ̀ Ọlọ́runṣògo, ó sì gbá bíréèkì mọ́lẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, ó tún gbá a. Lọ́rì ń fò síwájú sẹ́yìn. Àwọn obìnrin ń ké lẹ́yìn. Ọlọ́runṣògo ń fi ìgúnpá tì í kúrò, ó ń pè é ní orúkọ tí kò pè é rí. Rótìmí ń gbá a. Ẹ̀ẹ̀keje ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé gbooro, tó kan ilẹ̀ ọkọ̀, tí bíréèkì kò sì padà sókè mọ́.

Ọlọ́runṣògo fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ó yí sítíà wọ inú oko gbágùúdá, lọ́rì gun ebè mẹ́ta, ó kọsẹ̀, ó kú.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Àbẹ́là fọ́, omi dànù. Gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ebè, wọ́n dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọlọ́runṣògo wọ abẹ́ lọ́rì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, epo ti bo apá rẹ̀, orín kan sì wà láàárín ìka rẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí Bándélé fi dí páìpù bíréèkì mi," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Igi. Ogójì ènìyàn, igi. Ká ní a ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni. Mò ń padà sọ́dọ̀ àwọn sójà yẹn nísinsìnyí. Bándélé yóò ṣàlàyé fún wọn."

Ìyá Àdúrà Joanna ní kó mú sùúrù. Ọlọ́runṣògo ní òun ti mú un tán.

Wọ́n ti gbé Rótìmí jókòó sórí ebè kan. Ó pe kiní. Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀. Ó tún pè é. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó lù ú mọ́ àyà ara rẹ̀, pù, pù, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Hannah na ọwọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó wo ọwọ́ òsì yẹn, ó wò ó tààrà, bí ó ti máa ń wo ọ̀tún láyé àtijọ́.

"Ọlọ́runṣògo," ni ó wí. "Má lọ. Wọ́n ní àwọn ni."

"Àwọn ni kí ni?"

"Àwọn ni wọ́n fi igi sí i. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá Oyin?"

Rótìmí mi orí. Ó fi ọwọ́ òsì kan àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ọlọ́runṣògo wo orín ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Rótìmí. Oríṣiríṣi nǹkan kọjá lójú rẹ̀, ó sì wá jókòó sórí ebè tó kọjú sí tirẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi tí mo fọkàn tán yín," ni ó wí. "Kí ló dé?"

Ìbéèrè náà dára. Rótìmí ní ìdáhùn rẹ̀, ó pé, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀: òjò ṣú, Bándélé ò sí nílé, mo fẹ́ sún un wọ abẹ́ páànù ni, bí ó bá di ọ̀la mo fẹ́ sọ. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò láyà. Ọwọ́ náà ti sọ pé òun ni. Ó wá ìyókù lójú afẹ́fẹ́, ó wá bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ṣe òjò, bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀la. Hannah tẹ̀ síwájú, ó ń wò ó, ó dúró dè é. Ọlọ́runṣògo náà ń wò ó.

"Kiní," ni Rótìmí wí.